Orúkọ tó ń parẹ́ lára òkúta: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa títọ́jú ibi ìrántí àwọn ṣọ́jà

Ará Lugbe
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù kìíní ti ń kanlẹ̀kùn, ní January 15 tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, wọ́n á tún gbé òdòdó ẹ̀yẹ lọ síbi ìrántí àwọn tó bógun lọ, ní Àbújá níbí àti ní olú ìlú gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ òkúta, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ètò ọjọ́ náà, kí ló máa ń ba àwọn ibi yìí jẹ́ lókè ọya, kí sì ni àtúnṣe rẹ̀?

Bíríkìlà Kubwa
Ọyẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Yanrìn wíńníwíńní wà nínú eruku rẹ̀, ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nu òkúta dídán, ńṣe ló ń fi yanrìn họ ọ́. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kí eruku ṣàn lọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Korobá méjì: ọ̀kan fún omi tó mọ́, ọ̀kan fún ṣíṣan bùrọ́ṣì. Bùrọ́ṣì ọ̀rá tó rọ̀ ni o, kì í ṣe onírin. Irun irin tó bá há sínú òkúta á dípẹtà, àmì pupa rẹ̀ kò ní kúrò.

Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa gòkè. Bẹ́ ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi ìdọ̀tí á ṣàn sórí ibi gbígbẹ, òkúta á fà á mu, ilà á wà lára rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣan án lẹ ó tó ti òkè wá sísàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fi áásìdì kan mábù láéláé. Bẹ́ ẹ ṣe ń rí i tó ń hó yẹn, òkúta gan-an ló ń yọ́. Hypo náà kò dáa. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń wọnú òkúta, bó bá gbẹ tán á máa ti ojú òkúta jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa
Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ńkọ́?

Bíríkìlà Kubwa
Rárá, mà. Omi rẹ̀ le jù. Á ṣí ojú oríkèé táìlì, á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Táìlì tó ń já bọ́ lára òpó ìrántí kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ òkúta: wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀ ni. Oòrùn ọ̀sán ń fẹ̀ ẹ́, òtútù òru ọyẹ́ ń sún un kì, kò ríbi yà sí, ó ta dànù. Mílímítà 3 sí 5 ni kẹ́ ẹ fi sí àárín táìlì kan àti èkejì. Bó bá jẹ́ mábù funfun, sìmẹ́ǹtì funfun ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, torí àwọ̀ sìmẹ́ǹtì dúdú máa ń là jáde.

Akọlẹ́tà Jos
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Bíríkìlà sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti lẹ́tà kún un. Ẹ fi igi ṣóńṣó yọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò nínú lẹ́tà, kì í ṣe ìṣó. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Ìdájí ni kẹ́ ẹ kùn ún, kí òkúta tó gbóná. Lórí òkúta gbígbóná, ojú ọ̀dà á gbẹ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó lẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Bùrọ́ṣì nọ́ńbà 1, ìkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ọjọ́ kan láàárín wọn.

Lórí gíráníìtì dídán, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọjá etí lẹ́tà gbẹ, kẹ́ ẹ wá tẹ́ abẹ réṣà pẹrẹsẹ láti ha á kúrò. Ẹ má dán ìyẹn wò lórí mábù. Ọ̀dà olómi ni ti mábù, torí ọ̀dà olóròóró máa ń mu wọ inú rẹ̀, á sì fi òjìji sílẹ̀ yí lẹ́tà ká.

Ọmọ Ọ̀ffà, Kaduna
Kí wọ́n kúkú fi idẹ ṣe é, kí ọ̀rọ̀ ọ̀dà tán.

Akọlẹ́tà Jos
Idẹ tí wọ́n á yọ tà fún baban bola, àwọn tó ń ra irin àlòkù? Àyàfi bí wọ́n bá ri irin ìdè rẹ̀ sínú kọnkéré tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí wọ́n sì dì í láti ẹ̀yìn, tí ojú ìdè kankan kò hàn síta. Bí wọ́n bá tún ń fi pólíìṣì dán an lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́tà á jẹ tán. Ìda ni kí wọ́n fi pa á, lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan kí ọyẹ́ tó dé.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa
Òdòdó oníke náà ń ba òkúta jẹ́ o. Bí òjò bá pa á, aró pupa rẹ̀ á ṣàn sórí mábù, wáyà inú rẹ̀ á sì dípẹtà. Ẹ gbé e ka orí ìdúró onígi, kó má fara kan òkúta.

Alájà Nyanya
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn ẹyẹlé funfun yẹn kì í fẹ́ fò bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀ ní January 15? Àwọn kan ní àmì burúkú ni.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé, Minna
Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ti kó sínú páálí láti alẹ́ àná, tí kò mumi, tí apá rẹ̀ ti há, ṣé a ní kó fò ni? Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n ti gé ìyẹ́ rẹ̀ kó má bàa sá lọ. Ẹ na apá kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kà á: ìyẹ́ gígùn 10 ló gbọ́dọ̀ pé ní ìparí apá. Ẹ má ra irú tí ìrù rẹ̀ ṣe bí abẹ̀bẹ̀, kì í lè fò jìnnà. Agbọ̀n tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé wọn, kẹ́ ẹ fún wọn lómi, kẹ́ ẹ sì jìnnà síbi tí wọ́n ti ń yin àgbá 21. Ìró yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí ẹyẹ lúgọ.

Ọmọ Ọ̀ffà, Kaduna
Bàbá, ẹyẹlé mọ onílé o. Àwọn àgbà ní kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹyẹ tó kọ̀ láti fò ní nǹkan tó ń sọ.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé, Minna
Ohun tó ń sọ ni pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ọmọ mi. Ẹ fún un lómi, á fò.

Alájà Nyanya
Ṣebí nítorí ìfipágbàjọba 1966 ni wọ́n ṣe mú January 15?

Ẹ̀gbọ́n Bwari
Rárá o. Ọjọ́ ogun abẹ́lé parí ni. Ní January 15, 1970, Philip Effiong, olórí Biafra nígbà náà, wá jọ̀wọ́ Biafra fún Gowon ní Èkó. November 11 la ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é.

Bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ fọkàn sí ètò rẹ̀: wọ́n á fọn fèrè ìdágbére tí wọ́n ń pè ní Last Post, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan á tẹ̀ lé e, wọ́n á wá fọn fèrè ìjí, ìyẹn Reveille. Láàárín fèrè méjèèjì, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má rìn, ẹ pa fóònù.

Ọmọ Ìlobùú
Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja tiwa, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, wà ní itẹ́ òkú àwọn ológun, ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá. November 15, 2024 ni wọ́n sin wọ́n síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin àwọn ṣọ́jà 17 tí wọ́n pa ní Okuama, ìpínlẹ̀ Delta, sí ní March 27 ọdún yẹn. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ là ń sọ.

Ará Lugbe
Kí Ọlọ́run tẹ́ gbogbo wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Ìlọrin, Zaria
Ibi tọ́rọ̀ ti wúwo jù ni orúkọ. Lásìkò Ogun Bọ́mà, ìyẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ àkọ́kọ́ àti ìlú ni àwọn òyìnbó sábà máa ń kọ sílẹ̀: irú bíi Lawani Ilorin, Musa Kano, Sule Offa. Bẹ́ ẹ bá ń wá bàbá àgbà yín lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn tó bá ogun àgbáyé méjèèjì lọ, tẹ́ ẹ tẹ orúkọ ìdílé, òfo lẹ ó bá. Orúkọ ìlú ni kẹ́ ẹ fi wá a, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà: Oshogbo, Ogbomosho, Shaki. Ẹ má fi àmì ohùn kankan sí i. Nọ́ńbà ṣọ́jà wa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sábà máa ń ní NA/ níwájú. Àwọn tí wọn kò rí òkú wọn sin ní Bọ́mà, ara òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan ni kẹ́ ẹ ti wá wọn. Orúkọ bíi 27,000 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó kú lẹ́yìn December 31, 1947 kò sí nínú ìwé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ ogun ló pa á.

Akọlẹ́tà Jos
Mo ti ń wá àlàyé yìí tipẹ́. Ẹ ṣé gan-an ni.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa
Àwọn alárù Ogun Àgbáyé Kìíní ńkọ́? Àwọn tó ru ọta ìbọn àti oúnjẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà?

Ọmọ Ìlọrin, Zaria
Ìyẹn ló ń dùn mí jù, mà. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sí orúkọ wọn níbì kankan. Commission yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní April 2021 pé ó kéré tán 116,000 èèyàn, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò dárúkọ, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣèrántí wọn rárá. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Fún alárù tiwa, ẹ lọ sí National Archives ní Kaduna tàbí Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì ẹkùn ìlú rẹ̀ ti 1914 sí 1918.

Ará Lugbe
Bí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ ńkọ́?

Ọmọ Ìlọrin, Zaria
Wọ́n máa ń tún un ṣe bí ẹ̀rí bá wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ṣọ́jà náà, ẹgbẹ́ ogun tó wà, ọjọ́ tó kú, àti àwòrán ìwé èyíkéyìí láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ológun ránṣẹ́. Ìwé tó ní nọ́ńbà lára ló wúlò jù, torí Lawani Ilorin lè pọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan kì í sábà jẹ́ ti èèyàn méjì.