Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi èròjà ara olú dènà aflatoxin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo kà pé èròjà kan tó ń jáde lára olú Trametes versicolor máa ń dí èbu aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Aspergillus lọ́wọ́ kó má lè pèsè aflatoxin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nínú àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu. Sísè kì í pa á tán. Bí èèyàn bá tiẹ̀ gbọn eruku aláwọ̀ ewé yẹn dànù, májèlé náà lè ti wọnú hóró. Ṣé oko ni wọ́n ti ń fín èròjà olú yìí ni, àbí ó di ẹ̀yìn ìkórè? Ṣé ó sì lágbára lórí ọkà tí ò gbẹ dáadáa? (Èmi ò rò pé ó lè rọ́pò sísá a sóòrùn o.) Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.