Ibo ni kí n gbé bátìrì lítíọ̀mù sí nínú ọkọ̀ onígbòkun mi?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Southampton): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú òtútù yìí náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi nínú wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ rántí Westerly 33 àtijọ́ tí mo rà lọ́dún tó kọjá, tó wà ní Hamble. Bátìrì olómi ásíìdì mẹ́ta ló bá a wá, 110Ah lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti kú pátápátá. Mo ti wá ra LiFePO4 (irú bátìrì lítíọ̀mù kan) méjì, 100Ah 100Ah. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni àwọn ti tẹ́lẹ̀ wà, mo kàn fẹ́ gbé tuntun síbẹ̀ kí n so wáyà padà kí n máa lọ sílé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní háà, kí n má dán an wò, àmọ́ kò ṣàlàyé. Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Bàbá Wáyà (Portsmouth): Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ. Ooru ló wà níbẹ̀. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, tèmi gan-an má gbà á gbọ́, lọ ra kiní tí wọ́n fi ń wọn ooru nílé ìdáná yẹn, so ó kọ́ síbi tó o fẹ́ gbé bátìrì sí, kó o wá tan ẹ́ńjìnnì lọ sí Cowes kó o padà. Tó o bá pa ẹ́ńjìnnì tán má tíì lọ sílé o, dúró tó ogún ìṣẹ́jú kó o tó wò ó. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti dúró nígbà yẹn, ooru tó wà nínú irin ló máa wá tú síta.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé bàbá. Sọ́ńdè ni máa lọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Mo ti dé o. Bá a ṣe ń lọ, dígírì 48 ló ń sọ. Lẹ́yìn tí mo pa ẹ́ńjìnnì, ó di 56! Ìwé tó bá bátìrì wá sì sọ pé kó má kọjá 45 tó bá ń gba iná. Ó tán, mo ti gbà. Ṣé kí n wá gbé e sínú àpótí ìta, abẹ́ ibi tá a máa ń jókòó sí tá a bá ń tukọ̀? Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa, kò sì ní ooru kankan.

Ìyá Ìbejì (Largs, Skọ́tíláǹdì): Àpótí ìta kẹ̀! Ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo gbé tèmi sí. Oṣù kìíní, wọ́n ti gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, mo fi sólà sílẹ̀ kó máa fún bátìrì lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, oòrùn ń ràn, sólà ń ṣiṣẹ́, bátìrì ò gba ẹyọ kan. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo fi ẹnu gún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́, mo ní gbàrọgùdù ló tà fún mi. Ó ní kí n wo fóònù mi, kí n wo iye dígírì tí BMS, ẹ̀rọ kékeré inú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ, sọ pé ara bátìrì jẹ́. Òdo ó dín méjì. BMS ló ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣe é ire, torí lítíọ̀mù lè fúnni níná nínú òtútù o, àmọ́ tó bá gba iná lábẹ́ òdo, ńṣe ni lítíọ̀mù inú ẹ̀ máa dì mọ́ra bí irin, èyí tó bá ti dì báyẹn kì í tú mọ́. Ojú tì mí, mo bẹ ọkùnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn ní tiẹ̀ nílé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e sí, fáànù ló ń fẹ́ sí i. Èmi ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì 😂

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: 😂😂 Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé inú ọkọ̀ ò ní tutù báyẹn náà ni?

Ìyá Ìbejì: Tó bá wà lórí omi, rárá. Òkun tó wà níbí kì í bọ́ sí òdo, bíi 7 ló máa ń wà ní oṣù kejì. Tí bátìrì bá wà ní àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀ ojú omi, òkun fúnra ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó tutù jù. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Èmi máa ń tú wáyà sólà kúrò báyìí, mo fi bátìrì sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, ó di ìgbà ìrúwé.

Ọmọ Aláró (Rotterdam): Ẹ ò ṣe gbé e sí iwájú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Tèmi ṣófo gbayawu níbẹ̀.

Bàbá Wáyà: Rárá o. Ohun méjì. Ìwúwo tó bá wà ní imú ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa kan orí mọ́ ìgbì, tí ìgbì Solent, òkun tóóró tiwa níbí, bá ti kúrú tó sì le, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Lóòótọ́ bátìrì méjèèjì ò ju kílò 24 lọ, mẹ́ta àtijọ́ yẹn lé ní 80, fún iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí ti ásíìdì, ìdajì ẹ̀ péré lèèyàn ń lò. Àmọ́ wáyà ńkọ́? Inverter 2000W tí àbúrò ní yẹn, tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó lè fa 180 amps. Wáyà 70mm², láti iwájú dé ibi inverter, mítà 6, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 12. Ìdajì volt ti ṣègbé sójú ọ̀nà, inverter á wá máa ké pé iná ti lọ sílẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì kún. Tó bá jẹ́ mítà 2, ohun tó máa ṣègbé ò tó 0.2. Ẹ sì wo owó bàbà lóde òní.

Torí náà abẹ́ àga gbọọrọ inú yàrá àárín ni. Ó wà nísàlẹ̀, ó wà láàárín, ó gbẹ, inverter ò jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan. Ọdún tí mo gbé tèmi síbẹ̀, inú mi dùn, mo ya fọ́tò sí ibí yìí, ẹ kí mi. A wá gbéra, a kọjá àwọn àpáta Needles, a ń dá Poole Bay kọjá lọ síwọ̀ oòrùn, autopilot ló ń tukọ̀, èmi jókòó mò ń jẹ ẹ̀pà. Ìyàwó mi wọlé lọ po tíì. Bí ọkọ̀ ṣe yà bàrà nìyẹn! Ó yà tó ogójì dígírì, ìgbòkun ń gbá pà pà pà. Mo fò dìde, mo di ọkọ̀ mú, mo rò pé afẹ́fẹ́ ló yí. Kò pẹ́, ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà fúnra ẹ̀. Tíì dé, mo mu ún. Ní ọ̀sán ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ló wá sọ pé, dádì, ṣé ẹ ò rí i pé ìgbà tí mo bá tan kẹ́tùlù ni?

Kọ́ńpáàsì ni! Kọ́ńpáàsì ẹlẹ́ńtíríìkì tí autopilot fi ń mọ ọ̀nà, abẹ́ àga kan náà ni ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi kàn án mọ́, kò sì jìnnà tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí wáyà mi. Kẹ́tùlù 1500W ń fa bíi 130 amps gba inverter, wáyà tí iná tó pọ̀ báyẹn ń gbà kọjá ti di mágínẹ́ẹ̀tì, ó lágbára ju ti ayé lọ níbi tí kọ́ńpáàsì yẹn wà. Ìyà tó jẹ mí ni pé ibi tó dáa fún bátìrì, ibẹ̀ náà ló dáa fún kọ́ńpáàsì: ìsàlẹ̀, àárín, ibi tí kì í mì púpọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Jésù! Kí lẹ wá ṣe?

Bàbá Wáyà: Tẹ́lẹ̀, mo gbé wáyà pọ́síítíìfù gba ọ̀tún, négétíìfù gba òsì, bí ẹni fi okùn yí kọ́ńpáàsì ká. Mo wá kó méjèèjì pọ̀, mo dì wọ́n mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti èyí á máa pa ti èkejì. Mo wá gbé kọ́ńpáàsì lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo fi ọkọ̀ yípo lójú omi kó lè mọ ibi tó wà. Báyìí a lè po tíì ní Bay of Biscay.

Ọmọ Aláró: Iná ńkọ́? Èmi ò lè sun sókè kiní tó ń jó bíi ti kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí wọ́n ń fi hàn yẹn.

Bàbá Wáyà: Ti kẹ̀kẹ́, NMC, irú lítíọ̀mù mìíràn, ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn yẹn tètè máa ń gbóná kọjá ààlà. LiFePO4 ní sùúrù jù ú lọ. Kì í ṣe pé kò lè bàjẹ́ o, wáyà tó bá ṣí sílẹ̀ ló máa ń fa wàhálà jù. Class T fíúsì ni kó o fi sẹ́nu bátìrì, kó sún mọ́ ọn gan-an, òun ló lè gé 20,000 amps. Fíúsì mọ́tò tí kò wọ́n yẹn, tí lítíọ̀mù bá tú gbogbo agbára ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, iná lè fò ó kọjá. Kó o sì pe insurance ẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, tèmi béèrè ẹni tó so ó àti irú bátìrì tó jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé omi o. Tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ máa ń gun ògiri lọ sábẹ́ àga. Mo gbé tèmi sórí pákó tó ga díẹ̀, okùn bẹ́líìtì méjì ló dì í, bóòtù ló mú bẹ́líìtì. Mo fi gbogbo agbára fà á, kò mira.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ó yé mi. Àga ọ̀tún, táǹkì omi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Òsì ni màá gbé e sí nígbà náà, ó tún máa bá omi yẹn dọ́gba díẹ̀. Bátìrì tí máa fi ṣí ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Bàbá Wáyà: Fi ásíìdì sílẹ̀ fún ìyẹn, ó níláti dá dúró. Kó o ra DC-DC 30A, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú lítíọ̀mù, sáàárín wọn. Lítíọ̀mù máa ń gba gbogbo iná tó bá rí títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó lè fa alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe iná, títí á fi gbóná jó. DC-DC yẹn ńkọ́, máà tì í mọ́ inú àpótí kan náà pẹ̀lú bátìrì, òun náà máa ń gbóná. Sátidé mo ráyè, màá gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ orí wáyà wá. Kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ àga òsì kúrò kí n tó dé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Hmm. Gàárì àti èlùbọ́ ìyàwó mi ló wà níbẹ̀ bàbá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí bátìrì ti kúrò. 56, èlùbọ́ ò ní hu funfun láé 😂

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Mà, àmàlà olóòórùn dísẹ́ẹ̀lì! Ẹ fẹ́ kó lé mi sórí ọkọ̀ yìí títí láé ni.