Fáìlì Tí Ó Ń Bàjẹ́ Lórí Dísìkì Mẹ́ta

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìtàn ìṣòro kọ̀ǹpútà tiyín ṣáájú; tèmi nìyí. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò òde ìnáwó ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà mi sì ní dísìkì mẹ́ta: Windows wà lórí àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wà lórí èkejì, ẹ̀kẹta sì wà fún ẹ̀dà ìpamọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí àwòrán ìgbéyàwó kan láti inú ẹ̀dà náà, mo sì rí i pé ìdajì ojú ìyàwó ti di eérú.

Dísìkì kẹta ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, nítorí pé tòkunbọ̀ ni. Mo pààrọ̀ wáyà SATA tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì fi CrystalDiskInfo, ètò tí ń fi ìlera dísìkì hàn, yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òdo ni iye àṣìṣe CRC (àṣìṣe inú dátà tí ń gba wáyà kọjá), èyí tí ó sábà máa ń pọ̀ sí i bí wáyà bá ní àléébù, kò sì sí sẹ́kítọ̀ (ẹyọ ibi ìpamọ́ kékeré lórí dísìkì) kankan tí ó ti bàjẹ́. Síbẹ̀ n kò gbà. Mo ní kí chkdsk, irinṣẹ́ Windows tí ń tún àṣìṣe dísìkì ṣe, tún un ṣe, àṣìṣe tí ó dùn mí jù sì nìyẹn, nítorí pé chkdsk a máa kọ nǹkan sórí dísìkì bí ó ti ń ṣàtúnṣe. Àwọn fáìlì tí mo mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀ wá di FILE0000.CHK àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ tí chkdsk ń fún àjákù fáìlì tí ó bá rí.

Fídíò kan tí ó tó gígábáìtì 12 ni ó là mí lójú. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísìkì kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àṣẹ Windows kan, certutil -hashfile, ṣírò SHA256 gbogbo wọn, ìyẹn iye tí a ń ṣírò láti inú fáìlì, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà bí àwọn ẹ̀dà bá bára mu. Kò sí èyí tí ó bá èkejì mu. Nígbà tí mo tún ojúlówó gan-an ṣírò, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, iye mìíràn ni ó tún fún mi! Dísìkì mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba kò lè dédé máa ṣe àìsàn kan náà pọ̀. Ibi tí gbogbo wọn jọ ń gbà kọjá ni ó yẹ kí n ti wò, ìyẹn rámù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé dátà sí fún ìgbà díẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Mo fi Memtest86, ètò tí ń dán rámù wò, sínú fíláàṣì, mo jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú (ọpẹ́lọpẹ́ ínfátà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni iná lọ), àṣìṣe sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Rámù méjì onígígábáìtì 4 ni ó wà nínú rẹ̀. Mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ èyí tí kò dára kúrò. Lẹ́yìn náà, mo ṣe ẹ̀dà fídíò yẹn nígbà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ sì bára mu.

Ọmọ iṣẹ́ mi kò tíì nu káàdì kámẹ́rà ìgbéyàwó náà, nítorí náà a rí àwòrán ìyàwó gbà padà. Ti ìsọmọlórúkọ kan ni kò ṣeé gbà padà, nítorí pé orí rámù yẹn kan náà ni ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì gbà kọjá, mo sì dá owó oníyẹn padà fún un.