Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe yangí

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Mọ́kọ́lá ń wá orúkọ Yorùbá fún òkúta tó jẹ́ pé yanrìn, amọ̀ tàbí ìkarahun ló kóra jọ sí ìsàlẹ̀ omi kó tó le. Orúkọ mẹ́ta ló ti wọlé: àpáta onípele, òkúta yangí, òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún ní ká máa pe gbogbo ohun tó ń ba òkúta jẹ́ ní àgbàrá, ó tán.

Ẹ forí jì mí, Ẹ̀gbọ́n, kò tán. Ohun méjì lẹ so pọ̀ yẹn. Nígbà tí a gbẹ́ kànga nílé wa ní Àpáta (àdúgbò ni mo ń wí o), lábẹ́ ilẹ̀ pupa la ti kan òkúta tó ṣì ní àwọ̀ àti ìlà òkúta, àmọ́ tí ọwọ́ lásán ń rún wómúwómú. Bàbá tó ń gbẹ́ ẹ ní, "Èyí ti jẹrà." Àgbàrá kankan ò débẹ̀. Omi òjò ló rọra ń jò wọlé, òun àti gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì tó fà mọ́ra nínú afẹ́fẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀. Ó sọ apá kan òkúta di amọ̀, ó fi wóró tó le sílẹ̀, wóró yẹn ló ń di yanrìn. Gbòǹgbò igi náà ń ṣe tirẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní jíjẹrà òkúta.

Kí nǹkan wá gbé e kúrò níbẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìgbálọ ni mo fẹ́, torí omi ń gbá nǹkan lọ, ìjì náà ń gbá a lọ, bẹ́ẹ̀ àgbàrá ò mọ̀ ju omi lọ. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, ọjọ́ tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, kò nílò àlàyé. Iyẹ̀pẹ̀ tí Ògùnpa bá gbá, Odò Ọnà ni yóò gbà á, ọ̀nà ọ̀sà Èkó ló sì forí lé.

Àpáta onípele ò lè ṣe é. Òkúta Ìbàdàn tó ní ìlà dúdú àti funfun bí aṣọ òfì pọ̀ káàkiri, ooru àti ìfúnpá abẹ́ ilẹ̀ ló sì to ìlà yẹn, kì í ṣe omi. Òun gan-an lọmọ iléèwé máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ìyá wa tó mú yangí wá ní ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ló yẹ ká lò. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn. Àmọ́ yangí ẹ̀yìnkùlé wa ò rìnrìn àjò kankan. Òjò ló ti fọ ohun tó lè yọ́ kúrò lára òkúta fún ọjọ́ pípẹ́, irin tó dógùn-ún ló ṣẹ́kù tó sì gan. Ọmọ jíjẹrà ni, kì í ṣe ọmọ ìgbálọ.

Ó ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ epo tí à ń dà nù nìyẹn. Ṣé a máa ń da ògì nù ni? Ẹ wo alógì: ó sẹ́ ẹ, omi tòrò, ó da omi orí rẹ̀, ó rọ ìyókù sápò, ó gbé òkúta lé e, omi tó kù sì fún jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yanrìn òkè ṣe ń tẹ ti ìsàlẹ̀ nínú òkun. A ò rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn. Àmọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ ó bá ìkarahun ẹ̀dá òkun nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ti fi ń ṣe símẹ́ǹtì láti 1960.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Títẹ̀ nìkan kò tó. Ohun tó yọ́ sínú omi tún máa ń wọ àárín àwọn wóró náà, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kí la ó pè é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé símẹ́ǹtì. Lára òkúta yìí kan náà la ti rí ìyẹn.