Agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà àti ti gọ́tà ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn: kí ni kí a ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀bá Kábbà ni ilẹ̀ tí a pín yìí wà, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Agbaṣẹ́ṣe kan ń la ọ̀nà, èkejì ń ṣe gọ́tà àti kọ́fáàtì (ojú omi tó gba abẹ́ ọ̀nà kọjá). Oníọ̀nà ti da yangí, ó sì ti fi rólà tẹ̀ ẹ́ ní ìpele mílímítà 150. Ni onígọ́tà bá dé, ó gbẹ́ etí rẹ̀, ó mọ búlọ́ọ̀kù, ó wá fi erùpẹ̀ lásán dí ẹ̀yìn rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Erùpẹ̀ náà ti ń rì báyìí. Bí òjò bá wọlé síbẹ̀, ògiri gọ́tà á wó sínú. (Gọ́tà ló yẹ kó ṣáájú, a mọ̀.)

Ta ni kó tún erùpẹ̀ ẹ̀yìn gọ́tà yìí tẹ̀? Ìwé àdéhùn méjèèjì kò sọ ọ́. A dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó onígọ́tà dúró: ṣé ibẹ̀ la ó ti yọ owó iṣẹ́ náà, àbí kí a kọ àfikún àdéhùn?

Àpáta tún yọ nínú kòtò kọ́fáàtì, owó gbígbẹ́ erùpẹ̀ nìkan ló sì wà nínú ìwé. Wọ́n ti fọ́ díẹ̀ nínú àpáta náà kí sọ̀féyọ̀ tó wọn ibi tí orí rẹ̀ dé. Báwo lẹ ṣe ń ṣírò èyí tí wọ́n ti fọ́ kúrò?