Satnav àbí máàpù? Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà nílùú ọba, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbúrò Class 1, Northampton

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ojú títì. Oṣù tó kọjá ni mo gba Class 1, láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń wa tírélà. Ọdún méjì ni mo ti fi ń wa lọ́rì kékeré tó ń pín ọjà yí Northampton ká, ibi tí mo lọ lánàá náà ni mo máa ń lọ lónìí, kò sí ìnira kankan. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí éjẹ́ńsì tó ń bá mi wá iṣẹ́ ní kí n lọ gbé tírélà ní Daventry kí n lọ já ọjà sí Charlton ní London, èmi nìkan ni o, kò sẹ́ni tó máa jókòó tì mí. Google Maps orí fóònù ni mo ń lò látọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ẹnì kan ní yáàdì ní kí n lọ ra satnav, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, tàwọn onítírélà, mo wò ó, owó ẹ̀ lé ní £300, ẹlòmíì ní kí n má dá ara mi lóró pé máàpù oníwèé tó. Owó kékeré kọ́ nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ìdánwò tán. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ gùn.

Bàbá Ìbejì, Barking

Kú oríire o àbúrò, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lójú títì. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé má fi Google wa tírélà. Kì í ṣe pé Google ò dáa, èmi náà ń lò ó tí mo bá ń gbé káà lọ sóde àríyá, àmọ́ kò sí ibi tó ti bi ẹ́ pé báwo lo ṣe ga tó, báwo lo ṣe gùn tó, tọ́ọ̀nù mélòó lo gbé. Lójú tiẹ̀, káà ni ẹ́. Ohun tí ìwọ fẹ́ wa yìí lè gùn tó mítà 16.5 látorí dé ìdí, ó sì lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 44, ibo ni Google ti fẹ́ mọ̀?

Charlton tó o dárúkọ yẹn ló mú mi sáré dáhùn. Ní 2019 èmi náà já ọjà lágbègbè ibẹ̀, tírélà mi ga ní mítà 4.2, fóònù ni mo ń tẹ̀lé. Nígbà tí mo já ọjà tán tí mo ní kó mú mi padà sí M1, ọ̀nà márosẹ̀ (motorway) tó ń lọ sápá àríwá, ó ní kí n gba A102 lọ tààrà, ọ̀nà tó kúrú jù sì nìyẹn lóòótọ́ fún ẹni tó ń wa káà. Blackwall Tunnel, ihò abẹ́ odò Thames, ni ọ̀nà yẹn wọ̀, èyí tó ń lọ sí apá àríwá, láti 1897 ni ihò yẹn ti wà níbẹ̀, mọ́tò tó bá ti ga ju mítà 4.0 lọ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Pátákó wà lọ́nà o, wọ́n tiẹ̀ pọ̀, àmọ́ ojú mi wà lórí sìkìrínì, etí mi wà lọ́dọ̀ ohùn obìnrin inú fóònù. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga mọ́tò ló rí mi, iná pupa tàn, wọ́n ti ọ̀nà pa, gbogbo mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi dúró gbagidi. Àwọn òṣìṣẹ́ wá yọ mí kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bú mi, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí síárìn. Ìgbà tí mo fi máa padà dé yáàdì, wákàtí tí òfin gbà fún mi láti wakọ̀ lójúmọ́ ti fẹ́ẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ yẹn ò pè mí mọ́ látọjọ́ náà.

Wọ́n ti ṣí Silvertown Tunnel lẹ́gbẹ̀ẹ́ Blackwall ní oṣù kẹrin 2025, tírélà tó ga ń gba ibẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń gbowó báyìí. Àmọ́ A102 kan náà ni wọ́n ti ń yà sí méjèèjì, lane tó o bá dúró sí ló máa sọ ibi tó o máa bọ́ sí, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ẹ̀ nígbà tó débẹ̀, ó ti pẹ́.

Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà yẹn nìyí. Alẹ́ tó ṣáájú, mo máa ṣí máàpù sórí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ, màá fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá wá kọ nọ́ńbà ọ̀nà sórí bébà kékeré tí mo ń lẹ̀ mọ́ iwájú mi. Tìẹ á rí báyìí: M1, M25 apá ìlà oòrùn, Dartford, A2, A102. Tó o bá ń lọ, orí afárá lo máa gbà kọjá odò ní Dartford, tó o bá ń bọ̀, inú tọ́nẹ́ẹ̀lì abẹ́ omi ni. Kí satnav tó lanu o ti mọ ohun tó yẹ kó sọ. Tó bá sọ nǹkan míì, o máa mọ̀ pé nǹkan kan ti yí, o lè wá ibi tó dáa dúró sí kó o wò ó dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Exeter

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Ní tèmi o, máàpù oníwèé ni ọ̀gá. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo wa tírélà mi ò ní satnav kankan, àtíláàsì tí wọ́n ṣe fáwọn onítírélà ni mo ń lò, èyí tí wọ́n kọ gíga àwọn afárá sí lára. Satnav kàn ń fi ọ̀nà tó wà níwájú ẹ hàn ẹ́ ni, bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn lóru, ibi tí iná dé nìkan lò ń rí. Máàpù ń fi gbogbo ìlú hàn ẹ́, o máa rí i pé ọ̀nà tóóró yìí ń lọ sí abúlé, pé odò wà níbí, pé rélùwéè gba ibí kọjá, níbi tí rélùwéè bá sì ti kọjá títì, fura, afárá lè wà níbẹ̀.

Ní Devon tí mo wà yìí ọ̀nà wà tó jẹ́ pé igi àti ọgbà ga lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò méjì ò lè kojú ara wọn, koríko hù sáàárín títì. Àwọn abúlé kan ti gbé pátákó síta pé kí onítírélà má tẹ̀lé satnav wọ ibẹ̀. Mo ti rí àwọn tó há síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ṣeé yí, kò ṣeé lọ, rìfáàsì ò ṣeé ṣe láìsí ẹni tó máa dúró lẹ́yìn darí ẹ.

Nǹkan míì rèé, tí wọ́n bá ti motorway pa lóru, satnav lè máa pariwo pé kó o padà, kó o padà. Má dá a lóhùn. Wo pátákó dàífáṣọ̀n tó ń júwe ọ̀nà míì tó o máa gbà, wọ́n máa ya àmì dúdú sórí yẹ́lò, ó lè jẹ́ onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, róbótó tàbí dáyámọ́ńdì. Mú àmì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ẹ́ níbi tí wọ́n ti yọ ẹ́ kúrò, tẹ̀ lé e títí yóò fi dá ẹ padà sórí motorway. Síbẹ̀ máa wo gíga afárá lọ, torí gbogbo mọ́tò ni wọ́n ń darí gba ibẹ̀.

Ìyá Tírélà, Hull

Ẹ má bínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbà pé máàpù nìkan tó. Èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò, ta ló fẹ́ bá mi ṣí ìwé ní ráńdábáòtù tí ọ̀nà márùn-ún wà níbẹ̀ tí òjò sì ń rọ̀? Àtíláàsì ọdún tó kọjá ò lè mọ̀ pé wọ́n ń túnnà ṣe lónìí. Àbúrò, tó o bá lágbára ẹ̀, ra satnav onítírélà náà, tí kò bá tíì sí owó, bi éjẹ́ńsì bóyá ilé iṣẹ́ tó ni mọ́tò ní èyí tí wọ́n máa fún ẹ lò.

Àmọ́ gbọ́ èyí dáadáa. Nọ́ńbà tó o bá kọ sínú ẹ̀ ló ń lò, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́ńdè kan mo kọ gíga 4.2 sínú tèmi, Tọ́sìdeè wọ́n yí tírélà mi padà sí onílé méjì tó ga ní 4.9, iṣẹ́ ń lé mi, mi ò rántí yí nọ́ńbà náà. Ó mú mi gba ọ̀nà kan tí afárá rélùwéè wà níwájú. Ohun tó yọ mí ni pé mo rí pátákó 4.6 kí n tó kúrò ní ráńdábáòtù, mo yí ráńdábáòtù yẹn po mo sì padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Mo dúró ní ibùdó ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo rí, mo sunkún díẹ̀, mo yí nọ́ńbà, mo sì bá tèmi lọ.

Òfin ní mọ́tò tó bá ga ju mítà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní gíga ẹ̀ níbi tí awakọ̀ á ti máa rí i. Wò ó lójoojúmọ́ kó o tó tan iná mọ́tò. Tí wọ́n bá so tírélà míì mọ́ ẹ, wá gíga ti tuntun lára ẹ̀, yí èyí tó wà níwájú ẹ, yí ti satnav náà. Kó o sì wò ó bóyá ẹsẹ̀ bàtà ni àbí mítà, torí ilẹ̀ yìí ń lo méjèèjì: 4.2 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 9, 4.9 lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16.

Àbúrò Class 1, Northampton

Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ pátákó gíga, mo rí i pé òmíì jẹ́ róbótó, òmíì onígun mẹ́ta. Ṣé nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ?

Alákòóso Mọ́tò, Wigan

Rárá o àbúrò, ìbéèrè tó dáa lo béèrè. Ọ́fíìsì ni mo wà báyìí, èmi ni mò ń ṣètò ọ̀nà fáwọn awakọ̀ wa. Róbótó olójú pupa, àṣẹ ni: tó o bá ga ju nọ́ńbà yẹn o ò gbọdọ̀ kọjá. Onígun mẹ́ta, ìkìlọ̀ ni, ara afárá tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ló sábà máa ń wà, torí àárín ẹ̀ ga, etí ẹ̀ kúrú. Wọ́n máa kun ìlà sára ẹ̀ láti fi hàn ibi tó ga tó nọ́ńbà náà, àárín gan-an ni tírélà máa gbà, kó o kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ níwájú.

Afárá tí kò bá ní pátákó gíga, ó yẹ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16 àti íǹṣì 6, mítà 5.03 nìyẹn. Lọ́dọọdún mọ́tò ń kọlu afárá rélùwéè ju ìgbà 1,500 lọ ní ilẹ̀ yìí, A5 lẹ́bàá Hinckley wà lára àwọn ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jù, kò sì jìnnà sí Daventry tó o ti fẹ́ gbéra. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, má sá lọ: pátákó kékeré kan wà lára afárá tí nọ́ńbà fóònù rélùwéè àti nọ́ńbà afárá náà wà lórí ẹ̀, pè wọ́n kíákíá kí wọ́n lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró, lẹ́yìn náà pe 999. Ọ̀rọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ Traffic Commissioner, aláṣẹ tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì àwọn onítírélà, wọ́n sì lè gba láísẹ́ǹsì tírélà lọ́wọ́ èèyàn.

Fóònù náà, tó o bá máa lò ó rárá, kó wà nínú ohun tó gbé e dúró, kó má bo ojú ẹ. Tó o bá gbé e lọ́wọ́ nígbà tó ò ń wakọ̀, owó ìtanràn £200 àti pọ́íǹtì 6 lórí láísẹ́ǹsì ni, tó bá dé kóòtù, ti onítírélà lè tó £2,500.

Bàbá Ìbejì, Barking

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ London. Bi éjẹ́ńsì bóyá mọ́tò náà ní pámíìtì DVS, ìwé àṣẹ tó jẹ mọ́ bí awakọ̀ ṣe ń rí àyíká mọ́tò ẹ̀ sí, mọ́tò tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ ò gbọdọ̀ wọ London láìní in. Bi wọ́n léèrè aago tí wọ́n fẹ́ kó o débẹ̀ pẹ̀lú. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí méje àárọ̀, mọ́tò tó ju tọ́ọ̀nù 18 lọ ò kàn lè gba àdúgbò tó bá wù ú, àwọn ọ̀nà ńlá kan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀, láti aago kan ọ̀sán Sátidé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di méje àárọ̀ Mọ́ńdè. Má retí kí satnav sọ ìyẹn fún ẹ.

Postcode, nọ́ńbà àdírẹ́sì tó o máa tẹ̀ sínú satnav náà, kò tọ́ka sí géètì. Ilé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè jọ ní postcode kan, ó lè mú ẹ dé ẹ̀yìnkùlé ilé iṣẹ́ tí géètì wọn wà lójú ọ̀nà míì. Ibí yìí ni Google wúlò: lálẹ́ Sọ́ńdè wo àwòrán tí wọ́n yà látòkè, wo ibi tí tírélà ń wọlé, wo ibi tó o ti lè yí. Lẹ́yìn náà pe àwọn ará géètì wọn. Nílé a máa ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà, nígbà tí mò ń gbé ọjà láti Àpápá lọ sí Ìbàdàn kò sí máàpù, ẹnu la fi ń débẹ̀. Má tijú àtibéèrè níbí náà.

Àbúrò Class 1, Northampton

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o, aago mẹ́jọ alẹ́ Mọ́ńdè. Mi ò tíì ra satnav, wọ́n yá mi ní ọ̀kan ní yáàdì, máàpù oníwèé ni mo rà. Nígbà tí mo dé Daventry, éjẹ́ńsì ti sọ fún mi pé 4.2 ni tírélà náà, mo ti kọ ọ́ sínú satnav kí n tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Tírélà ló mú mi rìn lọ sídìí tírélà lọ wò ó fúnra mi, 4.5 ni wọ́n kọ sí i. Mo yí gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀ láti Charlton mo rí pátákó Blackwall, bébà mi ní A2, A2 náà ni mo gbà.