Níbo ni mo ti lè kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ láàárín ìlú l'Óṣogbo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń parí másítà nínú clinical psychology, ó wá ku ibi tí màá ti ṣe intaṣípù. Àrò l'Abẹ́òkúta ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ. Mo mọyì ibẹ̀: ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sílé àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láàárín èèyàn. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń wá, àmọ́ ara ìyá mi ò yá, mi ò lè kúrò l'Óṣogbo.

Ṣé ilé ìwòsàn kan wà níhìn-ín, yálà ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí aládàáni, tó ní ọ̀gá tí yóò jókòó tì mí, tí yóò gbọ́ bí mo ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, tí yóò sì tọ́ mi sọ́nà? Ibi tí wọ́n á ti sọ mí di agbé-fáìlì, ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ọ̀pọ̀ aláìsàn á ti gba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé oníṣègùn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Báwo lẹ ṣe ń bá wòlíì tàbí bàbá oníṣègùn náà sọ ọ́, tí ẹ̀bí ò fi ní bínú lọ? Owó ọkọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń san nǹkan kan?